Àpá tó kọ̀ tí ò relẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o. Ọdún tó kọjá ni mo lu ihò kejì sí etí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan kan wú lẹ́yìn etí, ó le gbandi. Mo ní yóò relẹ̀. Ó ti tó èkùrọ́ báyìí, ó sì ń yún mi lóru. Ta ló ti ní irú ẹ̀?

Bàbá Táyé
Yẹtí ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ọlọ́run á bi yín, sà 😂

Ìyá Méjì
Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gé e bẹ́ẹ̀ o. 2016 ni wọ́n gé tèmi ní ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n rán an, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Kò pé oṣù mẹ́fà tó padà dé, ó tún mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dání. Dókítà tó ń wo awọ ara ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé keloid ni, ìyẹn àpá tó ń wú ṣáá, pé téèyàn bá gé e láìfi nǹkan míì kún un, ó sábà máa ń padà hù. Abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú àpá rọ̀, ló ń gún sínú àpá yẹn gan-an, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ó dùn mí débi pé mo gbàgbé orúkọ ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni yíyún dúró, ẹ̀ẹ̀kẹfà ló tó rọ̀.

Kẹ́mi Peckham
Ṣé kò sọ awọ ibẹ̀ di funfun? Tèmi funfun bí ẹfun.

Ìyá Méjì
Ó sọ ọ́. Ó ń dúdú padà díẹ̀díẹ̀. Kó funfun kó má yún mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹyin ló ń fà á. Ẹ má jẹ ẹyin títí egbò á fi jinná.

Nọ́ọ̀sì Adùnní
Ẹ̀gbọ́n, ẹyin ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni egbò fi ń jinná. Inú ẹbí ló sábà ti ń wá. Àpá tó wú, oríṣi méjì ni: ọ̀kan ò ní kọjá ibi tí egbò mọ, ó sì lè relẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọdún kan bá kọjá. Èkejì, keloid yẹn, a máa rìn wọ ibi tí abẹ ò dé rárá. Ti Àbẹ̀kẹ́ jọ èyí.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Nígbà tí mo já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ìyá àgbà ò jẹ́ kí n fẹnu kan ẹyin fún oṣù méjì. Àpá mi sì relẹ̀ pẹrẹsẹ.

Bàbá Táyé
Ta ló wá jẹ ẹyin náà?

Kẹ́mi Peckham
Ìyá àgbà ni 😂😂

Dèjì
Ẹ̀yìn ọrùn ni tèmi. Bábà ló fà á, kílípà ẹ̀.

Ọlágbàjámọ̀
Ẹ má dá wa lẹ́bi. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní "fá a mọ́lẹ̀ kó dán." Irun tó bá hù padà wọnú awọ, èmi ni mo rán an níṣẹ́?

Dèjì
Ó dáa, mi ò ní fá a mọ́lẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Àwọn baba wa kọ ilà, kí ló dé tí tiwọn ò wú?

Ìyá Méjì
Ta ló ní kò wú? Gọ̀ǹbọ́ bàbá mi àgbà, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé okùn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Nọ́ọ̀sì Adùnní
Ó ń wú, àmọ́ etí, àyà àti èjìká ló fẹ́ràn jù.

Kẹ́mi Peckham
Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi, mo ti gbọ́n. Bí ojú egbò ṣe dí tán báyìí ni mo lẹ síílíkónì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpá, mọ́ ọn, wákàtí méjìlá lójúmọ́, oṣù mẹ́rin gbáko. Igun kan péré ló wú.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an. Mo máa lọ rí dókítà. Àbúrò mi obìnrin náà ní òun fẹ́ lu tòun o.

Ìyá Méjì
KÓ MÁ LÙ Ú!

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn
Ó ti lù ú láàárọ̀ yìí.

Nọ́ọ̀sì Adùnní
Kó máa fọwọ́ kàn án wò lójoojúmọ́ bó bá ti jinná. Ọjọ́ tó bá ti le tó ń yún, kó yọ yẹtí yẹn, kẹ́ ẹ jọ lọ.