Fídíò lóríṣiríṣi, ìmọ̀ràn lóríṣiríṣi: èwo ni kí màmá mi gbọ́ nínú wọn?

Ìyá Ìbejì (Kétu):
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ní tánsíọ̀n. Amlodipine ni dókítà fún wọn, ẹyọ kan lóòjọ́, wọn kì í sì í pa á jẹ, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Àjàṣẹ́ ra fóònù ńlá fún wọn.

Láti ìgbà náà ni ilé wa kò ti rójú. Ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò TikTok ránṣẹ́: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun ní kí ẹni tó ní tánsíọ̀n máa mu omi lítà 4 kí oòrùn tó yọ. Àbúrò mi tó wà ní Kútọ̀nu sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp pé rárá, omi àmujù ló ń wú ẹsẹ̀ màmá, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti áyù ni kí wọ́n máa mu. Kò pẹ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi di iyọ̀ kan fún awakọ̀ takisí. Iyọ̀ náà pupa rẹ́súrẹ́sú bí osùn tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, àpò kékeré kan, 3 500 sẹ́fà! Wọ́n ní èyí kì í gbé tánsíọ̀n sókè, ó ń wò ó ni.

Ibi tó ti dun èmi jù rèé. Obìnrin kan nínú fídíò ní òògùn tánsíọ̀n ló ń ba kíndìnrín jẹ́, màmá bá dá òògùn dúró, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti gbé igbá gaàrí, ojú wọn ṣókùnkùn, òpó ìsọ̀ ni wọ́n dì mú tí wọn ò fi ṣubú. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, tánsíọ̀n wọn jẹ́ 18 lórí 11. Nígbà tí mo padà sílé ni mo rí òògùn ọjọ́ mọ́kànlá lábẹ́ ìrọ̀rí, ó pé pérépéré.

Wọ́n ti padà sídìí òògùn wọn. Àmọ́ wọ́n ń bi mí pé, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló kàwé, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?" Mi ò ní èsì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Àkábà:
Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó parí 😂

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, wá gbà á kí n wòran.

Nọ́ọ̀sì Ṣakẹ́tẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. 18 lórí 11 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tó ń jẹ́ kí fídíò wọ̀nyí ṣòro ni pé òótọ́ díẹ̀ máa ń wà nínú wọn.

Omi dára, ṣùgbọ́n kí èèyàn da lítà 4 sínú lẹ́ẹ̀kan náà lè fi ẹlòmíràn sílé ìwòsàn, pàápàá ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára. Ní ti ẹsẹ̀ wíwú, àbúrò yín rí ẹsẹ̀, ó di ẹ̀bi ru omi. Amlodipine fúnra rẹ̀ máa ń mú kókósẹ̀ àwọn kan wú. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè dín in kù tàbí kó fún wọn ní òmíràn. Ẹ má dá a dúró lábẹ́lẹ̀. Obìnrin tó dárúkọ kíndìnrín sì gbé ọ̀rọ̀ dorí kodò: tánsíọ̀n tí a kò tọ́jú ló ń ba kíndìnrín jẹ́.

Iyọ̀ pupa, iyọ̀ náà ni. Irin díẹ̀ tó wà nínú òkúta rẹ̀ ló fún un láwọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì, kò kún. Wọn ò yọ iyọ̀ pupa sílẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi áyódìn sí iyọ̀ funfun tí a ń rà lọ́jà nítorí gẹ̀gẹ̀, ọ̀pọ̀ iyọ̀ pupa ni kò ní in.

Àmọ́ iyọ̀ inú àpò kọ́ ni mò ń bá jà. Kíúbù mélòó ni màmá ń fi sí ọbẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mẹ́rin. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí kò ní kíúbù, omi gbígbóná lásán ni.

Nọ́ọ̀sì Ṣakẹ́tẹ́:
Hàà! Iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kíúbù, ó tilẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ nínú òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá irú wooro tí wọn ò fi iyọ̀ sí, kí ẹ fi edé àti àlùbọ́sà kún un.

Bàbá Elégbòogi (Ṣábẹ):
Ewé ni mò ń tà, n ò sì ní bú dókítà. Ìsápá pupa tí a ń sè mu máa ń fa tánsíọ̀n wálẹ̀ díẹ̀, àwọn olùwádìí náà ti rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ bi oníbàárà pé kí ló ń gbé mì láàárọ̀. Bí òògùn òyìnbó àti ìsápá bá jọ fà á wálẹ̀ jù, òòyì lè kọ́ èèyàn bó bá dìde. Áyù inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Àmọ́ kí ẹni tó ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì máa mu áyù lílọ̀ ní ife ife, n ò ní bá a dá sí i. Ẹni inú fóònù yẹn, ìbéèrè kan wo ló bi màmá yín?

Ọmọ Kétu ní Kútọ̀nu:
Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìwọn-tánsíọ̀n, ẹ tètè ṣàlàyé fún màmá o. Ilé ìwòsàn sọ fún bàbá mi pé 14 lórí 9. Ẹ̀rọ tí mo rà gbé 142 jáde. Bàbá figbe ta pé òun ti kú, wọ́n ní kí n pe gbogbo ẹbí! Ohun kan náà ni, sẹ̀ǹtímítà ni ilé ìwòsàn ń kà, mìlímítà ni ti ẹ̀rọ.

Nọ́ọ̀sì Ṣakẹ́tẹ́:
😂 Kí wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, láìsọ̀rọ̀.

Àlàájà Wàǹdó (Àjàṣẹ́):
Ẹ má bú gbogbo fídíò. Fídíò ló kọ́ mi pé bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan kò gbé sókè mọ́, ilé ìwòsàn ni kí n sá lọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí èmi máa ń wò ni ìparí rẹ̀. Bí nọ́ńbà MoMo tí wọ́n fi ń gba owó bá yọ níbẹ̀, mo ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. A padà lọ lánàá. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan: òògùn, ìgò áyù, iyọ̀ pupa. Ó ti wálẹ̀ sí 15 lórí 9, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ láti yẹ kíndìnrín wò. Màmá wo dókítà náà títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ wà lórí TikTok?" Ó ní òun kò sí níbẹ̀. Màmá ní, "Ẹ ò rí i? Ibẹ̀ ni ẹ ò sí tí mo fi ń gbọ́ tàwọn tó wà níbẹ̀."

Kíúbù ti di méjì. Mo rí ẹyọ kan tí wọ́n so mọ́ etí ìró láàárọ̀ yìí, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Iyọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ takisí, ọjọ́ Ẹtì ló máa dá a padà fún wọn.