Etíkun àtọwọ́dá lókè òkun: kí ló yẹ ká yẹ̀ wò ká tó wọ omi?

Atẹ́lẹ̀rìn béèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ń to ètò ìrìn-àjò kan tó máa gba Singapore àti Jámánì, etíkun àtọwọ́dá sì wà nínú ètò níbi méjèèjì: erékùṣù Sentosa ní Singapore àti Tropical Islands ní Jámánì. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan àti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà nínú ìrìn náà. Ṣé omi tó ṣeé wọ̀ ni, àbí iyanrìn lásán tí wọ́n dà sílẹ̀ fún fọ́tò? Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ó dùn. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀.

Etídò:
Ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ mọ irú omi tó wà níwájú iyanrìn yẹn. Ní Sentosa, òkun gidi ni. Iyanrìn ni wọ́n kó wá láti ibòmíràn, wọ́n wá to òkúta síwájú kó máa gba ìgbì. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ abẹ́ òrùlé ni ti Tropical Islands. Streets Beach ní Brisbane, Australia, tó ti wà láti 1992, náà fara jọ ọ́: ẹ̀gbẹ́ odò ló wà, ṣùgbọ́n omi odò kọ́ lẹ máa wọ̀, omi tí wọ́n ń sẹ́ tí wọ́n sì ń fi chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò, sí ni. Odaiba ní Tokyo wá yàtọ̀: iyanrìn wà, òkun wà, àmọ́ wọn kì í sábà gbà kéèyàn lúwẹ̀ẹ́.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Tokyo, omi òjò àti omi ẹ̀gbin ilé jọ ń gba páìpù kan náà; tí òjò ńlá bá rọ̀, tó kún àkúnya, inú omi etí ìlú ló ń tú sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n wọ́gi lé apá ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ìdíje triathlon (ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá) àwọn akànǹdá ẹ̀dá ní Odaiba, torí pé E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, tó wà nínú omi ti ju ìlọ́po méjì iye tí wọ́n fàyè gbà lọ.

Òkúta tó ń gba ìgbì yẹn náà ní àléébù tiẹ̀. Omi tí ìgbì ò rú kì í tètè pààrọ̀. Odi Palm Jumeirah ní Dubai, ńṣe ló kọ́kọ́ yí erékùṣù náà po láìsí àlàfo. Ìgbà tí omi inú rẹ̀ ò ráyè jáde ni wọ́n tó là á níbi méjì. Nítorí náà, tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún etíkun tó ṣí gbayawu sí òkun. Èyí tí òkúta yí ká, ẹ fi tó ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Tí ẹ bá rí ìdọ̀tí tó léfòó létí òkúta, iyanrìn lẹ jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ẹja:
Ẹ gbọ́ ti Etídò. Kí n fi ti ọmọ kékeré kún un.

Iyanrìn àtọwọ́dá kì í dúró sójú kan. Ìgbì á gbé e lọ, wọ́n á tún da òmíràn lé e. Níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sí, abẹ́ omi lè dà bí àtẹ̀gùn: ìgbésẹ̀ kan, omi dé orúnkún, ìkejì, ó ti dé àyà. Àgbà ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kó máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò títí omi á fi dé ìbàdí, kó sì rìn bíi mítà mẹ́wàá sọ́tùn-ún àti sósì kí ọmọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá àlàfo tó wà láàárín òkúta méjì. Tí òkun bá ń fà, ibẹ̀ ni omi inú lọ́hùn-ún ń rọ́ gbà jáde. Òkúta yẹn náà máa ń yọ̀, ìkarawun tó lẹ̀ mọ́ ọn sì mú bí abẹ.

Mẹ́ta ni etíkun Sentosa: Siloso, Palawan àti Tanjong. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ ojú irin á gbé yín dé HarbourFront. Láti VivoCity, ilé ìtajà ńlá tó wà níbẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Sentosa Express dé Beach Station. Ìgbà tí ẹ bá ń wọlé nìkan lẹ máa sanwó, àbọ̀ kò lówó. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn wọlé náà.

Ẹ yẹ ìròyìn wò láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, epo tó dà láti inú ọkọ̀ òkun dé àwọn etíkun yẹn, wọn ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ omi.

Agbòòrùn nìkan ò tó o. Iyanrìn gbígbẹ máa ń ta nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán UV, ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ, padà síni lára. Ìfófò òkun ń ta tó 25. Ẹ fi ìpara ààbò oòrùn pa ara kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì àti gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde nínú omi.

Ẹlẹ́rù Fúyẹ́:
Tropical Islands ni tèmi. Ilé tí wọ́n kọ́ láti máa kan ọkọ̀ òfuurufú onígáàsì ni: ó gùn ní mítà 360, ó fẹ̀ ní 210, ó ga ní 107. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ wọko gbèsè ní 2002. Oṣù Kejìlá ọdún 2004 ló di etíkun. Láti Berlin, ọkọ̀ ojú irin máa gbé yín dé ibùdó Brand, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ á sì gbé yín débẹ̀.

Inú rẹ̀ máa ń tó 26°C, kódà nígbà tí yìnyín bo ìta, torí náà aṣọ òtútù máa di ẹrù. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n bá fún yín ló ń ṣí àpótí ẹrù, òun náà ló ń gba àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ bá rà. Ìgbà tí ẹ bá ń jáde lẹ máa sanwó. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn dáadáa! Apá kan òrùlé náà ń jẹ́ kí ìtànṣán UV wọlé, ẹ má fi ìpara sílé.

Páńpáàsì lásán ò ṣiṣẹ́ nínú omi, ńṣe ló máa wú. Tàwọn olúwẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Tí ojú bá ń ta yín, kì í ṣe chlorine nìkan, àògùn àti ìtọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ọn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí gbogbo èèyàn fọṣẹ wẹ̀ kó tó wọlé.

Atẹ́lẹ̀rìn:
Ẹ ṣeun gan-an. Irun ńkọ́? Àsíá tí wọ́n ń rì mọ́ etíkun ńkọ́?

Ìyá Ẹja:
Ẹ fi omi tó mọ́ rin irun gbingbin, ẹ fi conditioner pa á, ẹ wá dé fìlà ìlúwẹ̀ẹ́. Irun tó ti mumi yó kì í fi bẹ́ẹ̀ fa chlorine tàbí iyọ̀ mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ.

Àárín àsíá méjì tó pupa lókè tó yẹ́lò nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lúwẹ̀ẹ́, ẹ̀ṣọ́ ń wo ibẹ̀. Pupa nìkan: ẹ má wọ̀ ọ́. Onígun mẹ́rin dúdú àti funfun: àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì ló ni ibẹ̀. Tí ẹ bá rí àpò afẹ́fẹ́ aláwọ̀ ọsàn lórí òpó, atẹ́gùn ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sójú òkun nìyẹn; ẹ tú atẹ́gùn inú róbà ọmọ dànù kíákíá.