Orí ọ̀pá ẹrẹ̀ Òkun Ross ti tó ọdún 4,000: ṣé kí n yọ ọ́?

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ Òkun Ross ní Àǹtáàkítíkà ni pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lé, orí PANGAEA, ibi ìkó-dátà sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ ayé sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti rí dátà rẹ̀. Gravity corer, páìpù onírin wúwo tí wọ́n ń jù sílẹ̀ òkun, ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pá ẹrẹ̀ náà, mítà 3 ló gùn. Kábọ̀n 14, tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan, sọ pé sẹ̀ǹtímítà 2 òkè pátápátá ti tó ọdún 4,000, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ tuntun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣé kí n yọ 4,000 kúrò lára gbogbo ọjọ́ orí tó kù?

Bàbá Alábàtà: Má yọ ọ́ o, àbúrò. Nǹkan méjì ló kó wọ inú 4,000 yẹn. Ọ̀kan ni ẹrẹ̀ tó sọnù. Irin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò ló ń já bọ́ nílẹ̀ òkun. Omi tó ń tì síwájú á ti gbá ẹrẹ̀ òkè dànù kí páìpù tó kanlẹ̀, torí ẹrẹ̀ yẹn dẹ̀ bí làfún tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí fáàfù òkè kò bá ṣí dáadáa, ó tún burú sí i.

Èkejì ni kábọ̀n ogbó. Omi ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbó ní nǹkan bí ọdún 1,100 sí 1,300, torí omi ìsàlẹ̀ ló ń ru sókè. Yìnyín sì ń ha àpáta àtijọ́, ó ń da kábọ̀n òkú rẹ̀ (èyí tí kábọ̀n 14 inú rẹ̀ ti tán) sókun. Ìkarawun ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, nítorí náà ara ẹrẹ̀ ni wọ́n sábà ń wọ̀n, níbi tí kábọ̀n òkú pọ̀ sí.

Wá ẹrẹ̀ tí wọ́n fi multicorer, ẹ̀rọ onítúùbù kéékèèké púpọ̀, gbé láti ojú ibi kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ti túùbù wọlẹ̀, kì í da òkè rú. Ká ní orí tiẹ̀ jẹ́ 2,500: gbèsè kábọ̀n ogbó tí o máa yọ nìyẹn. 1,500 tó kù, ẹrẹ̀ tó sọnù ló fà á; ọjọ́ orí gidi ni, má fọwọ́ kàn án.

Etí Ògùn: Òótọ́ ni. Láti mọ bí ẹrẹ̀ tó sọnù ṣe pọ̀ tó, ya magnetic susceptibility (bí ẹrẹ̀ ṣe ń gba agbára mágínẹ́ẹ̀tì sí) ọ̀pá méjèèjì sójú kan, kí o sún ti gravity corer sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi bára mu.

Àmọ́ gbèsè 2,500 yẹn kì í dúró bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ẹrẹ̀ diatom (ewéko òkun tíntìntín) bá ti tán, tí ẹrẹ̀ le, tí òkúta wẹ́wẹ́ tó ju mílímítà 2 lọ kún X-ray, o ti dé abẹ́ yìnyín tàbí etí rẹ̀. Kábọ̀n òkú ibẹ̀ pọ̀ ju ti òkè lọ. Bí o bá bá granite bíi ti Olúmọ pàdé nínú ẹrẹ̀ lójú agbami, yìnyín ló gbé e débẹ̀.

Ọmọ Ìbarà: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kò sí multicorer níbẹ̀. Box corer, àpótí tó ń gé ẹrẹ̀ òkè, kan wà ní kìlómítà 3 síbẹ̀, ṣé ó tó?

Bàbá Alábàtà: Ó lè tó. Bí sub-bottom profiler 3.5 kHz, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo ìpele ẹrẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ òkun, bá fi ìpele kan náà hàn láìjá láàárín ibi méjèèjì, lò ó. Bí ìdí òkè yìnyín bá ti túlẹ̀ kọjá níbẹ̀, fi í sílẹ̀. Má wo poro tí yìnyín túlẹ̀ yẹn lórí IBCSO, máàpù ilẹ̀ òkun yíká Àǹtáàkítíkà, o, mítà 500 ni ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀, kò ní hàn. Dátà multibeam (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya ilẹ̀ òkun) ti ọkọ̀ tó gbẹ́ ọ̀pá náà gan-an ni kí o wá.