Lórí ‘ìtọ́jú ẹ̀mí’: ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o.

Ohun tó wà nílẹ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa ni orúkọ Yorùbá tí a ó fún ohun tí òyìnbó ń pè ní psychotherapy, irú ìtọ́jú tí oníṣègùn fi ń bá ènìyàn jókòó, tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ títí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tu onítọ̀hún, tí wọn kò sì ní kó kọ́kọ́ fi Ọlọ́run tàbí òrìṣà tó gbẹ́kẹ̀ lé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dábàá ‘ìtọ́jú ẹ̀mí’. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìbàdàn ní ‘ìtọ́jú ọkàn’ ló dára jù. Àbúrò wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London ní ká kúkú fi í sí ‘ìtọ́jú ọpọlọ’, nítorí òun ni etí ti mọ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

‘Ìtọ́jú ẹ̀mí’ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àlàyé ẹni tó dábàá rẹ̀ ni pé psyche tó wà nínú psychotherapy, èémí àti ẹ̀mí ló túmọ̀ sí lédè Gíríìkì àtijọ́, àti pé ẹ̀mí tiwa náà kò jìnnà sí èémí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Gíríìkì ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í sùn mọ́, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, ló máa gbọ́ ọ. Tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún un pé ìtọ́jú ẹ̀mí ni ọmọ náà nílò, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, àwọn ayé ti wọ̀ ọ́, kó tètè gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń lé ẹ̀mí jáde. Mi ò bá àdúrà jà, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ní ọdún 2019, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìjábọ̀ kan jáde lórí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà nítorí irú àìlera yìí, nílé ìtọ́jú ìjọba, nílé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣètọ́jú. Kò yẹ kí orúkọ tí àwa bá jókòó síbí ṣẹ̀dá wá darí ẹnikẹ́ni síbi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ti ‘ọkàn’ kò le tó bẹ́ẹ̀. Lórí rédíò, ‘àrùn ọkàn’ ti di àìsàn tí wọ́n máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá gbọ́ ‘ìtọ́jú ọkàn’ á rò pé wọ́n fẹ́ yẹ àyà òun wò. ‘Ọpọlọ’ ńkọ́? Opó tí omi ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹ fẹ́ kọ ọ́ síwèé pé ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú? Àwọn ará àdúgbò kò ní bi í léèrè mọ́ tí wọn yóò fi pè é ní wèrè. A sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ irú èyí lábẹ́ òfin ni: títí di oṣù Kìíní ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin ayé òyìnbó tó ń pe aláìsàn ní ‘lunatic’, ìyẹn wèrè, ló ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tó ń da gbogbo wa láàmú nìyí: ẹ̀yà ara tàbí ẹ̀yà ẹ̀dá ni gbogbo wa ń wá láti fi sọ ìtọ́jú náà lórúkọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò pín inú ènìyàn bí àwọn tó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣe pín in. Inú ló ń bàjẹ́, inú ló ń dùn. Àyà ló ń já. Ọkàn ló ń balẹ̀. Orí ló ń pé, orí ló sì ń dàrú. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pàápàá ti bá a pàdé: ní Mátíù 22:37, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti to ohun mẹ́ta sílẹ̀ (heart, soul, mind), àyà, ọkàn àti inú ni wọ́n fi dáhùn, inú ló sì bọ́ sí ipò ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń pè ní ọpọlọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó wá jókòó níwájú oníṣègùn lè gbé gbogbo wọn wá lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo la fẹ́ mú níbẹ̀?

Àbá tèmi ni ‘ìfọ̀rọ̀wòsàn’. Fi, ọ̀rọ̀, wò, sàn. A ti ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, nítorí náà etí kò ní kọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kò sì sọ ibi tó ń ṣe ènìyàn. Ẹni tó gbà pé ẹ̀mí ló ń da òun láàmú lè wá síbẹ̀, ẹni tó gbà pé ìrònú ni lè wá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ọfọ̀ náà ọ̀rọ̀ ni, àdúrà náà ọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì rí i bí àléébù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ọfọ̀ àti àdúrà, ẹni tó ń wo aláìsàn ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀. Nínú ìfọ̀rọ̀wòsàn, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ tí a ó kọ sínú àkójọ wa sọ èyí gbangba.

Ti pé ká pa ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ pọ̀ mọ́ ìtọ́jú, kò yẹ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló dé láti òkè òkun. Ní Arò, l’Abẹ́òkúta, ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ, kí wọ́n sì padà sáàárín àwọn ará abúlé. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Òun tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Birmingham àti London, tó sì di igbákejì olùdarí àgbà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, lẹ́yìn náà, kò rí i bí ohun ìtìjú. Ọdún 1994 ni ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àwọn àìsàn wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ tó fi ìṣòro ẹ̀sìn àti ti ẹ̀mí sí ara ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ wá, láìjẹ́ pé wọ́n pè é ní àìsàn.

Ẹ má sì rò pé kìkì ìtùnú ló wà nínú ìgbàgbọ́. Kenneth Pargament, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí pé ìgbàgbọ́ tó ń gbé ẹnì kan ró lè máa tẹ ẹlòmíì rì, tí onítọ̀hún bá gbà pé ńṣe ni Ọlọ́run ń fìyà jẹ òun. Afọ̀rọ̀wòsàn tó mọṣẹ́ máa ń bi í léèrè èwo nínú méjèèjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í wàásù fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a sọ pé ‘ìfọ̀rọ̀wòsàn tó fàyè gba ìgbẹ́kẹ̀lé’. Tí a bá fi ‘onígbàgbọ́’ dípò rẹ̀, Kristẹni nìkan ni etí máa gbọ́.

Ó ku orúkọ tí a ó fún ‘odindi’, ìyẹn kí ènìyàn pé pérépéré, ibi tí ìtọ́jú náà ń gbéni lọ. Àwọn kan ní ‘ìfọ̀kànbalẹ̀’, ó kéré sí i. Ọkàn ẹni tó ti gbàgbé ara rẹ̀ pátápátá náà lè balẹ̀. Mo rò ó lọ sọ́dọ̀ ‘orí pípé’. A máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé, a sì tún ń bọ orí, débi pé àwọn ọmọ wa ní Brazil ṣì ń ṣe é nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní bori. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó so làákàyè pọ̀ mọ́ àyànmọ́! Ó dùn mọ́ mi nínú, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ lójú pópó á rò pé ọmọ tó mọ̀wé la ń yìn. Mo fara mọ́ ‘àlàáfíà’. Láti inú Lárúbáwá ló ti wá, ìlera ló túmọ̀ sí níbẹ̀, àwa náà sì ń fi béèrè ara, ilé, ọmọ àti ọkàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ṣé àlàáfíà ni?

Ohun tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni orúkọ ẹni tó wá gba ìfọ̀rọ̀wòsàn. ‘Aláìsàn’ ni mo ń lò látòkè, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣàìsàn. ‘Oníbàárà’ mú un jọ ọjà. Nọ́ọ̀sì wa ní London, ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn Yorùbá tó ń wá sọ́dọ̀ yín ń pe ara wọn?