Àbúrò mi ń fi eyín há burọ́ọ̀ṣì, ìdí eyín rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀

Ẹ̀gbọ́n_rẹ̀: Ẹ kúulé o. Èmi ni mo ń fọ eyín fún àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ní cerebral palsy (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè darí ara rẹ̀ dáadáa), orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló ń jókòó, kò lè sọ̀rọ̀, ó sì ti ń lo phenytoin fún wárápá láti ọmọ ọdún 6. Bí burọ́ọ̀ṣì bá ti wọlé báyìí, gbàmù! ó ti fi eyín há a. Kì í mọ̀ọ́mọ̀, ara rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìka mi ló há (òun náà ni mo fi ń tẹ èyí). Ẹran ìdí eyín rẹ̀ ti wú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo eyín iwájú dé ìdajì. Láti ijọ́ mẹ́ta ó ń fọwọ́ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀. Dókítà eyín tí mo gbé e lọ bá ní àfi kó kúrò lórí kẹ̀kẹ́ wá sórí àga òun. Ó figbe ta, wọ́n ní ká máa lọ. Ṣé kí n má fọ̀ ọ́ mọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá?

Màmá_Àbíkẹ́yìn: Rárá o! Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, tó o bá fi sílẹ̀ á tún pọ̀ sí i ni. Kúrò níwájú rẹ̀. Dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, jẹ́ kí orí rẹ̀ fara ti àyà rẹ, fọwọ́ kan gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú. Bí mo ṣe ń fọ ti ọmọbìnrin mi nìyẹn. Burọ́ọ̀ṣì méjì ni mo ń mú: jẹ́ kó há ọ̀kan lápá kan, kí o fi ìkejì fọ apá kejì. Ojú ìta eyín kò tiẹ̀ nílò kó lanu, ti burọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé. Ìka rẹ, gbé e jìnnà!

Nọ́ọ̀sì_eyín: Phenytoin máa ń mú kí ẹran ìdí eyín hù bo eyín, ìdọ̀tí sì ń dá kún un. Ṣùgbọ́n má dá oògùn náà dúró fúnra rẹ, kí wárápá má baà gbé e ṣánlẹ̀. Jẹ́ kí dókítà eyín bá dókítà wárápá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọṣẹ eyín tó ní fluoride (èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà) ni kó o lò, díẹ̀ bíntín. Nu ìfófòó rẹ̀ kúrò, má fi omi ṣan án. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń lù. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, bó ṣe ń sọ pé eyín ń dun òun nìyẹn. Kí dókítà rí i lọ́sẹ̀ yìí. Tí ojú bá wú tàbí ara bá gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni. Kó o tó lọ, sọ fún wọn pé orí kẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Mo_lè_sọ̀rọ̀: Èmi náà ní cerebral palsy. Ohun tí mo kórìíra jù ni kí burọ́ọ̀ṣì kàn já wọ ẹnu mi láìsọ. Ẹ sọ fún un ná, ẹ fi kan ètè rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀. Ó ń gbọ́ o.

Ẹ̀gbọ́n_rẹ̀: Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ àná. Mo sọ fún un, mo dúró, mo gba ẹ̀yìn. Ó há ti àkọ́kọ́, mo fi ìkejì ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ihò dúdú kan nínú eyín ẹ̀yìn lápá òsì. Ọjọ́ Ẹtì la ń lọ, dókítà mìíràn. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.