Báwo la ṣe máa pàtẹ òkúta bàbá mi?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Onímọ̀ jiọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀) ni bàbá mi tó di olóògbé. A fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò Ojúde Ọba, ìgbà tí ará ilé máa ń pé. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ṣágámù wà níbẹ̀, ìkarahun hàn ketekete lára rẹ̀ (òkun ló bo ibẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn!). Nọ́ńbà tí bàbá fi ọ̀dà kọ sí i lára bá ìwé àkọsílẹ̀ bàbá mu. Àbúrò mi ní ká fọ gbogbo rẹ̀ kó dán; mo ní ó tì o. Ṣùgbọ́n ìkán ti jẹ etí ìwé náà. Ṣé ká gbé e sínú gíláàsì, àbí ká ya fọ́tò rẹ̀ sára ògiri? Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí?