Àbúrò mi, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àti kọ́ọ̀sì tí kò ní kíláàsì

Ẹ̀yin ará wa tó wà l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ń fi sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kàwé níbẹ̀. Ẹnjiníà ló wù ú, àmọ́ ẹni tó ń bá àwọn eléré ìdárayá yan kọ́ọ̀sì ní kó gbàgbé ẹ̀, pé àkókò lábù ń forí gbárí pẹ̀lú ti ìgbáradì. Ó wá fún un ní kọ́ọ̀sì kan tí kò ní kíláàsì rárá: àròkọ kan lópin sáà, máàkì A ti délé.

Ọ̀rọ̀ Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill ló sọ sí mi lọ́kàn. Láàárín 1993 sí 2011, ó lé ní 3,100 akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ kí àwọn eléré ìdárayá tó ìdajì wọn. Akọ̀wé ọ́fíìsì ló ń fún wọn ní máàkì! Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹlẹ̀ o, ìyẹn ló dùn mí jù.

Tó bá kọ̀, ṣé kóòṣì lè tìtorí ẹ̀ gba sikọ́láṣíìpù náà? Ta ló lè fẹjọ́ sùn tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì eré ìdárayá? Ẹni tó bá ti ṣe ẹnjiníà pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, báwo lẹ ṣe rí ti lábù ṣe?